Tójú ẹ ò bá gbà á, pa fíìmù náà, ọmọ mi

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ vóìsì nóòtù tó o fi ránṣẹ́. Pé o dìde kúrò nídìí fíìmù abanilẹ́rù tíwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ jọ ń wò yẹn ò bà mí nínú jẹ́ rárá, bó o ṣe ń sọ ọ́ bí ẹni tó jalè ló ká mi lára. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ní ojo ni ẹ́, wọ́n ní ọmọdé ṣì ń ṣe ẹ́, ìwọ náà wá ń bi mí bóyá nǹkan kan ń ṣe ẹ́ lóòótọ́. Nǹkan kan ò ṣe ẹ́ o jàre. Gbèsè ta lo jẹ, tó o fi gbọ́dọ̀ wo fíìmù dé ìparí?

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí The Exorcist, fíìmù ọmọbìnrin tí ẹ̀mí èṣù gbé wọ̀, jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1973, àwọn àgbàlagbà ń dákú nínú sinimá, àwọn míì ń bì, àwọn míì sá jáde, bẹ́ẹ̀ èrò ṣì tò síta nínú òtútù tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa wọlé. Ní Toronto lọ́dún 2016 ńkọ́, wọ́n pe áńbúláǹsì nígbà tí wọ́n ń fi Raw hàn, fíìmù Faransé kan tó dá lórí ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran tó wá dẹni tó ń jẹ ẹran èèyàn. Àjọ̀dún fíìmù ni wọ́n wà o, àwọn tó fẹ́ràn fíìmù gan-an ló ń lọ síbẹ̀, àwọn kan nínú wọn náà sì dákú. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lára àwọn èèyàn kan, tójú bá ti rí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọgbẹ́, ọkàn á dẹwọ́ lílù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ dáadáa mọ́, ojú á ṣú, onítọ̀hún á wó lulẹ̀. Ìgboyà ò lè dá ìyẹn dúró. Tó o bá tún rí i pé ojú fẹ́ ṣú ẹ, má sáré dìde, dùbúlẹ̀ síbi tó o wà kó o gbé ẹsẹ̀ sókè, tí kò bá sáyè, fún iṣan ẹsẹ̀ àti apá ẹ le pinpin, tú u sílẹ̀, kó o tún fún un.

O ní ìró egungun tó ń fọ́ yẹn ni ò kúrò létí ẹ. Jẹ́ n tú àṣírí wọn fún ẹ. Àwọn tó ń ṣe ìró fún fíìmù, ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní celery ni wọ́n máa ń ṣẹ́ kàkà nídìí maikirofóònù, òun ni wọ́n ń pè ní egungun fún wa. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí wọ́n gún lọ́bẹ, tó ń ṣàn nínú bàlúwẹ̀ nínú fíìmù Psycho lọ́dún 1960, omi ṣokoléètì ni, fíìmù tí ò ní kọ́lọ̀ ni kò jẹ́ kéèyàn mọ̀. Hitchcock tó ṣe fíìmù yẹn ò tiẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kí orin kankan wà níbi tí wọ́n ti ń gún obìnrin náà lọ́bẹ, Bernard Herrmann tó ń kọ orin fún un ló lọ kọ tiẹ̀, fáólìn tó ń han gooro bí ẹyẹ tí wọ́n fún lọ́rùn, nígbà tí Hitchcock gbọ́ ọ ló yí ọkàn padà. Gaspar Noé, òun náà ń ṣe fíìmù, wá ṣe tiẹ̀ jù, nínú fíìmù Irréversible lọ́dún 2002, ó ki ìró kan bọ abẹ́ nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ìró náà rẹlẹ̀ débi pé àyà lèèyàn fi ń mọ̀ ọ́n ju etí lọ, ara àwọn èèyàn ò lélẹ̀, wọn ò mọ ohun tó fà á. Àìmọye èèyàn ló dìde jáde nígbà tí wọ́n fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Cannes ní Faransé. Nǹkan tí wọ́n dìídì ṣe kó lé ẹ dìde, tó bá wá lé ẹ dìde, ṣebí iṣẹ́ ẹ̀ ló ṣe yẹn! Torí náà, tí kò bá sí bó o ṣe lè jáde, sáùǹdì ni kó o kọ́kọ́ pa. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fọwọ́ bojú, wọ́n á fi etí sílẹ̀ gbayawu, etí yẹn sì lẹ̀rù ń gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n má da gbogbo ẹ̀ pọ̀ o. Fíìmù kan wà, Grave of the Fireflies, Isao Takahata ló ṣe é ní Japan lọ́dún 1988. Kátúùnù ni. Ọmọkùnrin kan àti àbúrò ẹ̀ obìnrin ni, ogun ti sun ìlú wọn Kobe lọ́dún 1945, ìyá wọn ti kú, agolo súìtì kan wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí súìtì tán, ẹ̀gbọ́n bu omi sínú agolo náà, ó mì ín, ó fún àbúrò ẹ̀ mu kó lè rí adùn díẹ̀ tó kù nídìí ẹ̀. Nígbà tó yá, inú agolo yẹn kan náà ló kó eérú àbúrò ẹ̀ sí. Kò sí iwin, kò sí ẹ̀mí èṣù, àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ti wò ó ló ń sọ pé àwọn ò ní wò ó mọ́ láyé. Come and See náà wà, ti Elem Klimov, 1985, ogun tí àwọn Jámánì gbé lọ sí Belarus ló dá lé, wọ́n kọ ọ́ sí ìparí ẹ̀ pé abúlé 628 ni wọ́n jó tòun tàwọn èèyàn inú ẹ̀. Irú ìwọ̀nyẹn, tọ́kàn ẹ bá gbé e lọ́jọ́ kan, wò ó, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ẹni tẹ́ ẹ lè jọ sọ̀rọ̀ tó bá parí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ séèyàn ni wọ́n ń rò fún ẹ.

Cannibal Holocaust tí wọ́n ṣe lọ́dún 1980 ńkọ́? Wọ́n mú Ruggero Deodato tó ṣe é dé kóòtù ní Ítálì torí wọ́n rò pé ó pa àwọn òṣèré ẹ̀ ni, àfìgbà tó mú wọn jáde láàyè. Àwọn ẹranko inú ẹ̀ ni ò rẹ́ni mú wọn jáde, ìjàpá odò ńlá tí wọ́n pa lójú kámẹ́rà yẹn, wọ́n pa á lóòótọ́ ni. Mi ò fẹ́ kó o wò ó, mi ò sì ní fi bò. Èyí tó tún burú jù ni fídíò àwọn tó kú lóòótọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, má ṣí i, má fi ránṣẹ́ sẹ́lòmíì, torí òkú yẹn ní ẹbí.

Ti àwòrán tó ń padà wá sí ẹ lójú lóru, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Oxford gbìyànjú nǹkan kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Wọ́n fi fíìmù ọgbẹ́ àti ikú han àwọn èèyàn, lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú wọ́n ní káwọn kan gbá Tetris, géèmù tí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù tó ń já bọ̀, àwọn yòókù jókòó lásán. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwòrán fíìmù yẹn ò yọ sí àwọn tó gbá Tetris tó bó ṣe ń yọ sáwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbàgbé ohun tí wọ́n wò. Wọ́n ní géèmù yẹn ti gba àyè tí ọpọlọ fi ń kó àwòrán jọ. Torí náà má ti ìdí fíìmù kọjá sórí bẹ́ẹ̀dì tààrà, wá nǹkan tójú àtọwọ́ ẹ á jọ ṣe.

Kí wọ́n tó tún pè ẹ́, béèrè orúkọ fíìmù náà kó o lọ ka ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìkànnì kan tó ń jẹ́ Does the Dog Die wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ti wo fíìmù ló ń kọ ohun tó wà níbẹ̀ sí i, bóyá ajá kú, bóyá wọ́n fipá bá èèyàn lò, bóyá abẹ́rẹ́ wà. Tó ò bá fẹ́, sọ pé o ò fẹ́. Má parọ́ pé orí ń fọ́ ẹ.

Bàbá ẹ ní kí n kí ẹ. Òun tó ń ṣe bí akọni yẹn, tí wọ́n bá ti fẹ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́ nínú fíìmù, á ní òun fẹ́ lọ wo bóyá wọ́n ti ilẹ̀kùn. Pè mí tó o bá jí.

Ìyá ẹ