Ẹ̀rọ kọ́ ló ń kọrin, bàbá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n fèsì sí lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín, èyí tó jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bàbá náà ní ọmọ-ọmọ òun gbé fóònù wá, ó sì fi àwo tuntun àwọn obìnrin mẹ́ta kan tí wọ́n ń jẹ́ Perfume han òun. Ó ní òun tẹ́tí títí, òun ò gbọ́ ohùn ènìyàn níbẹ̀. “Ẹ̀rọ ló ń kọrin,” bàbá wí, “àwọn ọmọ yẹn kàn ń jó ni.” Ó wá kádìí rẹ̀ pé ẹni tí kò lè kọrin ló ń sá sábẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹ má bínú sí mi, bàbá. Mi ò ní jẹ́ pe àgbà lónírọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn, n ò sì lè dákẹ́. Ilé Àyàn ni wọ́n ti bí mi. Ìyáàlù ni bàbá mi ń lù, èmi náà sì ti lu kannàngó káàkiri òde kí n tó di oníṣẹ́ sítúdíò. Ó ti lé lógún ọdún báyìí tí mo ti ń gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀ nínú yàrá kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, níhìn-ín ní Ìbàdàn: oní-fújì, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ àsálátù, títí dé orí ẹni tó ń polówó àgbo jẹ̀dí.

Kí n tó lọ jìnnà, ará Kòríà kọ́ ni wọ́n gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe kọ ọ́. Ọmọ Hiroshima ní ilẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n, 2000 sì ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọdé nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ orin àti ijó. Àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, àmì ìkọ̀wé Jàpáànù kan náà tó túmọ̀ sí òórùn dídùn ló wà nínú orúkọ gbogbo wọn, ibẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ ti jáde. Nígbà tó yá, ọ̀kan kúrò, wọ́n fi Nocchi rọ́pò rẹ̀, àmì òórùn dídùn ò sì sí nínú orúkọ tirẹ̀. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Àwa náà ní irú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ onílù wa nígbà kan, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó mọ gúdúgúdú lù ju gbogbo àwa ọmọ Àyàn lọ.

Ẹ rí i pé orin ni wọ́n kọ́. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn jáde láti inú ikùn. Àfi ìgbà tí Yasutaka Nakata bẹ̀rẹ̀ sí í to orin fún wọn ní 2003, tó ní kí wọ́n má gbé e jáde mọ́. Ó ní kí wọ́n má fi agbára sí i, kí wọ́n má sunkún sínú rẹ̀, kí wọ́n kàn wí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wọ́n sì máa lọ. Kò kọ́kọ́ bá wọn lára mu. Ta ló máa bá mu? Bí ẹni tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ ìlù tí wọ́n wá ní kó máa fi ìka kan ṣoṣo lù ú ni. Ohùn gbẹrẹfu yẹn ni Nakata á wá gbé sínú kọ̀ǹpútà, táá fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ, táá fi ẹ̀rọ dán an. Nígbà tí àwo wọn tó ń jẹ́ GAME jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2008, òun ló gba ipò kìíní lórí àtẹ Oricon, àtẹ tí wọ́n fi ń ka àwo tó tà jù ní Jàpáànù.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tí egúngún bá jáde, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, tó ń wúre fún yín pẹ̀lú ohùn híhá tó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun jáde wá yẹn, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé eléyìí ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ? Kò sẹ́ni tó jẹ́ wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tí ohùn yẹn ń ṣe. Ó ń sọ fún wa pé ẹni tó dúró yìí kì í ṣe ará ibí, ará ọ̀run ni. Ká ní ohùn tí wọ́n fi ń ra ẹ̀kọ láàárọ̀ ló fi wúre náà ni, ta ni yóò kúnlẹ̀ gbà á? Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ níbẹ̀, awo ni.

Ohun tí Nakata ń ṣe nìyẹn. Aṣọ àwọn ọmọ náà, ijó tí MIKIKO kọ́ wọn láti Hiroshima, iná orí ìtàgé wọn, gbogbo rẹ̀ ń sọ pé ibòmíràn ni wọ́n ti wá. Ohùn náà ni agọ̀ tó bo ìyókù. Àwọn ará Jàpáànù ò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lánàá. Láti nǹkan bí 1979 ni Yellow Magic Orchestra, ẹgbẹ́ tí olóògbé Ryuichi Sakamoto wà nínú rẹ̀, ti ń fi ẹ̀rọ yí ohùn padà nínú orin wọn, àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà ti ń gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n báyìí.

Mo gbọ́ GAME lóru ọjọ́ kan tí iná wà, mo fi headphone sétí, mo ti ilẹ̀kùn. Èémí ni mo kọ́kọ́ wá. Ní iṣẹ́ wa, èémí ló ń tú akọrin fó: ẹ máa gbọ́ “hìn-ín” kékeré kan kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ kàn ń bẹ̀rẹ̀ ni, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gé e. Ohùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá lẹ̀ mọ́ra débi pé n ò lè nàka sí i pé A-chan nìyí, Kashiyuka nìyí. Mo mọ iye wákàtí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ọ̀lẹ ò lè ṣe é.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí bàbá gbé pàṣán dání ni ọ̀dọ̀ àwa tí a wà nílé níbí. Ẹ̀rọ tó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí, Auto-Tune, 1997 ló dé ọjà. Andy Hildebrand ló ṣe é, ará Amẹ́ríkà kan tó ti bá àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n á rán ìró sábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á fetí sí bó ṣe ń padà bọ̀, wọ́n á fi mọ ibi tí epo wà. Ìṣirò ìró yẹn ló gbé wá sí ọ̀fun ènìyàn. (Epo rọ̀bì ò jẹ́ ká gbádùn nílẹ̀ yìí, ó tún tẹ̀lé wa wọ sítúdíò.) Bí akọrin bá ṣìnà díẹ̀, ẹ̀rọ á tì í sórí ohùn tó sún mọ́ ọn jù. Ibì kan wà tí a máa ń yí láti sọ bó ṣe máa yára tó. Bó bá rọra, etí ò ní mọ̀. Bí a bá yí i dé òdo, ohùn ò ní lè yọ̀ mọ́, ńṣe ni yóò máa fò láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì.

Èdè Jàpáànù gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tiwọn náà: “ame”, bí wọ́n bá gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sókè, òjò ni, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, súìtì tọ́mọdé ń lá ni. Ṣùgbọ́n kò gbilẹ̀ nínú èdè wọn tó tiwa, bí orin bá dà á rú, ìyókù gbólóhùn á tọ́ ẹni tó ń gbọ́ sọ́nà.

Tiwa ńkọ́? Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá kan wá gba orin àdúrà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ègbè rẹ̀ ni “ìlú wa á dára.” Ọmọkùnrin rẹ̀ tẹ̀lé e wá, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fi ohùn ìgbàlódé sí i.” Owó ni mò ń wá, n ò jiyàn, mo yí i dé òdo. Dò-mí ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ pè é síta kí ẹ gbọ́: “lú” yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ló ti ń gbéra, tó ń gùn bọ̀. Ẹ̀rọ ò mọ gígùn. Ó bá a nísàlẹ̀, ó so ó mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́, “ìlù wa á dára” ló ń jáde, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ gbáko. Ìyá yẹn yíjú wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, ṣé torí pé ọmọ onílù ni yín ni?” Òógùn bò mí nínú ẹ̀rọ amúlétutù. Mo pa Auto-Tune náà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, a tún un gbà, n ò gba kọ́bọ̀ kún un.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá mi tó yé mi. Ìyáàlù ò ní ètè, kò ní eyín, kò ní ahọ́n. Ọṣán nìkan ni bàbá mi ń fún mọ́ra tó tún ń tú sílẹ̀, ohùn á gùn, ohùn á yọ̀, orúkọ oríkì ẹni á jáde látinú awọ, olórúkọ á sì tọwọ́ bàpò. Ohun kan ṣoṣo tí ìlù wa fi ń sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń gbà lẹ́nu akọrin wa. Akọrin Jàpáànù lè yọ̀ǹda rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má sì sọnù.

Ohun tí àwọn Perfume fi mú mi bí onílù, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Orin tó sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 2007, èyí tí wọ́n lò fún ìpolongo àtúnlò ohun tí a bá ti lò tán lórí tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀, ibì kan wà láàárín rẹ̀ tí ohùn wọn ń yí ní márùn-ún márùn-ún nígbà tí ìlù ìsàlẹ̀ ń lọ ní mẹ́rin mẹ́rin. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbọ́ ọ, ó sáré dìde: “Ọ̀gá, fáìlì yìí ti bàjẹ́!” Mo ní kó jókòó, kó fi ẹsẹ̀ ka mẹ́rin, kó fi ọwọ́ ka márùn-ún. Nígbà tó dé ogún tí méjèèjì pàdé, ẹnu rẹ̀ ò padé mọ́. Ohun tí ìyáàlù àti gúdúgúdú ń bá ara wọn ṣe lójú agbo ni, àfi pé ohùn ènìyàn ni wọ́n fi ṣe é.

Àwo tuntun yẹn gan-an, Nebula Romance, apá méjì ni, ìkíní jáde ní oṣù kẹwàá 2024, ìkejì ní oṣù kẹsàn-án 2025. Wọ́n ṣe é bí orin fún sinimá kan tí kò sí níbì kankan. Kí n sọ tòótọ́, kò tó GAME létí mi. Àwọn ibì kan dùn jù, bí tíì tí wọ́n da ṣúgà mẹ́fà sí. Ṣùgbọ́n ohùn wọn rọ̀ níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ èémí nísinsìnyí. Wọ́n ti ń bọ́ agọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé láti ìparí 2025 àwọn yóò sinmi. Obìnrin tó ti lé lọ́dún márùndínlógójì ni wọ́n, kì í ṣe “àwọn ọmọ yẹn.”

Mo gbà fún bàbá lórí ohun kan: lórí ìtàgé, púpọ̀ nínú ohùn tí à ń gbọ́ ni wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ìyẹn bá bí nínú, ó lẹ́tọ̀ọ́.

Bí bàbá bá sì ń gbé Ìbàdàn, kí wọ́n yà sọ́dọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá. Headphone méjì ló wà níbẹ̀, àga onítìmùtìmù kan sì wà fún àgbà. Kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ bèèrè bóyá iná wà, nítorí owó bẹntiróò jẹnẹrétọ̀ ò sí lọ́wọ́ mi lóṣù yìí.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Àyàn,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.