Ẹ béèrè irú omi tí ẹ ó wọ̀ kí ẹ tó ra ohun èlò ìmòòkùn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè wa ṣe iṣẹ́ ìròyìn. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń mòòkùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí mo ń gbé, ohun tí mo sì ń rí láàárín àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló mú mi kọ ìwé yìí. Wọn kò ní tíì parí ìmòòkùn mẹ́rin tí a fi ń gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí wọn ó ti kó gbogbo ohun èlò jọ sílé: ìbòjú, rẹ́gúlétọ̀, sìlíńdà, aṣọ, ọ̀bẹ, títí dórí tọ́ọ̀ṣì. Kí ọdún tó yí po, ọ̀pọ̀ nínú ẹrù náà á ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò rà á ní ìlàjì owó. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀ pé omi tí ènìyàn yóò wọ̀, àti ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, ni ó yẹ kó pinnu ohun tí a ó rà, kì í ṣe pé ọjà náà wà ní ẹ̀dínwó.

Rẹ́gúlétọ̀ ni ẹ̀rọ tí ń gba afẹ́fẹ́ tí a kì mọ́ inú sìlíńdà, tí ó ń rọ agbára rẹ̀ sílẹ̀ títí ẹnu ènìyàn á fi lè gbà á. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí tèmi. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí ilé ìtajà tó wà nítòsí mi ń pè, ó sì ń dán gbinrin, mo wá rò pé mo ti jèrè. Ní oṣù Kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e, mo gbé e lọ sí Stoney Cove ní Leicestershire, kòtò ńlá tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan rí, tí omi ti wá kún, tí àwọn amòòkùn ilẹ̀ yìí sì fi ń kọ́ṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tí mo so mọ́ ọrùn ọwọ́ fi hàn pé omi ọjọ́ náà kò ju 5°C lọ. A wà ní mítà 18 nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ́gúlétọ̀ náà láìdúró. Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí páìpù omi bá bẹ́; lẹ́yìn náà ni ìfófòó funfun bo ojú mi débi pé n kò rí ọwọ́ ara mi, n kò sì rí ẹni tí a jọ wọlé. Òun ló wá mi rí. Ó ki rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ kejì bọ̀ mí lẹ́nu, ó dì mí mú ní èjìká, a sì rọra ń gòkè bọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi. Nígbà tí a yọrí lókè omi, mo wo abẹ́rẹ́ ìwọ̀n: 20 bar, ìyẹn ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà, ló ṣẹ́kù nínú 200 tí mo gbé wọlé.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó gbé awò sójú, tí mo yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa. EN 250 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, ìyẹn ìlànà tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ń dán rẹ́gúlétọ̀ wò, wọ́n sì kọ >10°C sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà tí kò ju orí èèrà lọ. Àmì kejì yẹn túmọ̀ sí pé a kò fọwọ́ sí i fún omi tútù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e wọ omi tí kò bá tó 10°C. Ohun tó fà á kò ṣòroó lóye. Afẹ́fẹ́ tí ó kúrò ní agbára 200 bar, tí ó já sí nǹkan bí 10 bar ju ti omi tó yí i ká lọ lẹ́ẹ̀kan náà, máa ń tutù gidigidi. Bí omi bá ti tutù tẹ́lẹ̀, yìnyín á dì sára ẹ̀rọ, fáàfù tó yẹ kó máa ṣí kó máa pa dé á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tí ó tà á fún mi kò parọ́. Kò bi mí ní omi tí mo fẹ́ gbé e wọ̀, èmi náà kò sì béèrè bóyá ó lè wọ̀ ọ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ iṣẹ́ náà ra aṣọ rọ́bà tí ó nípọn tó mìlímítà 7, ó ra òjé tí yóò fi rì í, nítorí pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́ wínníwínní, ó sì máa ń léfòó. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e padà sí Èkó, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ. Omi òkun wa lọ́ wọ́ọ́wọ́. Orí ọkọ̀, kó tó wọ omi rárá, ni òógùn ti fẹ́ wẹ̀ ẹ́ tán. Aṣọ tí ó gbà á lọ́wọ́ òtútù níhìn-ín di ẹrù tí ó san owó rẹ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú lásán.

Ìbòjú nìkan ni mo gbà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ rà ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú ènìyàn méjì kì í rí bákan náà. Púpọ̀ nínú èyí tí mo ti dánwò níhìn-ín ló há mọ́ mi nímú, ọ̀kan tí mo fi ẹwà rẹ̀ rà sì ń gba omi lábẹ́ ihò imú ní gbogbo ìgbà tí mo bá rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ìbòjú náà lé ojú láìfa okùn rẹ̀ sẹ́yìn orí, ẹ fi imú fa èémí díẹ̀ wọlé, kí ẹ sì ju ọwọ́ sílẹ̀. Bí ó bá dúró lójú, ó bá yín mu nìyẹn. Bí ó bá ń yọ̀, ẹ dá a padà, iye yòówù kó jẹ́. Ẹ rí i pé ìka lè di imú pa láti ìta rọ́bà náà, pàápàá bí ẹ bá wọ ìbọ̀wọ́, nítorí dídi imú ká sì fẹ́ èémí sínú rẹ̀ ni a fi ń ṣí etí tí omi ń tẹ̀ bí a bá ń sọ̀kalẹ̀. Irunmú ń jẹ́ kí omi wọlé. Ìdí irun tí obìnrin dì, bí ó bá há sábẹ́ rọ́bà, ń ṣe bákan náà. Ìbòjú ńlá tí ń bo gbogbo ojú, tí wọ́n ń tà fún àwọn tí ń wo ẹja láti òkè omi, kì í ṣe ohun tí a ń lò pẹ̀lú sìlíńdà rárá.

Ọjà àlòkù tún ńkọ́? Mo ra drysuit àlòkù kan, aṣọ tí kì í jẹ́ kí omi kan ara, ní £150. Mo wọ̀ ọ́ wò nínú pálọ̀ ẹni tó ni ín, ó bá mi lára mu, a sì bọ ara wa lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé síìpù ni mo ní láti yẹ̀ wò. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ọrun ni mo rí àwọn ibi tí rọ́bà ti sán láàárín eyín rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ lẹ́yìn tí omi tútù ti ṣàn láti èjìká dé ìbàdí mi. £210 ni wọ́n ní kí n mú wá fún síìpù tuntun. Ní ti sìlíńdà àlòkù, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lọ́rùn: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, a gbọ́dọ̀ yẹ inú rẹ̀ wò ní ọdún méjì àbọ̀, kí a sì fi omi dán agbára rẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún, ibi tí wọ́n sì ti ń rọ afẹ́fẹ́ kò ní rọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ọ̀bẹ gbọọrọ tí a ń dè mọ́ ojúgun kò yẹ kó gba àkókò wa. Abẹ kékeré tí ó lè gé okùn ẹja tó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn olùkọ́ yé ta gbogbo ẹrù náà pọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì máa yá ohun tí wọ́n ń lò títí wọn yóò fi mọ omi tí wọ́n máa ń wọ̀ jù. British Sub-Aqua Club, ẹgbẹ́ àwọn amòòkùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953, ní àwọn ẹ̀ka káàkiri ilẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka náà ló sì ní ohun èlò tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti wọ oríṣi mẹ́ta jákẹ́ẹ̀tì tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kí a lè léfòó, kí ẹ tó mọ èyí tí kì í gun yín lábẹ́ apá.

Rẹ́gúlétọ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e lọ sí Òkun Pupa ní Íjíbítì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìyọ mí lẹ́nu, nítorí pé omi ibẹ̀ gbóná. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹgbẹ́ wa fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi, owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í ní omi tí ó fẹ́ gbé e wọ̀. Ó ní Stoney Cove ni, nínú oṣù Kìíní. Mo ní kó fi owó rẹ̀ sápò, mo sì gbé ẹ̀rọ náà padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì