Ìkéde: Rírán Ẹ̀gbẹ́ Òdòdó Lára Quilt

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ o. Sátidé yìí la ó pàdé, aago 10 àárọ̀, ní gbọ̀ngàn tí a máa ń lò. Kí oníkálukú mú quilt (aṣọ ìbora onípele tí a rán pọ̀) tó ti gé òdòdó rán mọ́ wá, pẹ̀lú òwú.

Ojú aṣọ tó ṣófo la fẹ́ rán. Etí òdòdó ni kí ẹ kọ́kọ́ rán yípo, kó lè yọ sókè. Bátànì àwọn ará Hawaii, tí ìlà ń tẹ̀lé ìlà yí òdòdó ká títí dé etí aṣọ, ló wù mí jù. Onígun mẹ́rin náà dáa, àmọ́ ó gba rúlà, ó sì gba sùúrù! Ẹ má lo òwú tó ń tàn yòò. Òdòdó ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bátànì tí ẹ mú fún mi kó tó di Tọ́sìdeé, kí n lè mọ iye rúlà tí màá kó wá.

Akọ̀wé