Ẹbọ Kan Ṣoṣo: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O béèrè pé ààwẹ̀ ọjọ́ mélòó ló yẹ kí o gbà kí Ọlọ́run tó dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́. Kò sí iye ọjọ́ kankan. Mo là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìgbàgbọ́ wa dúró lé.

Ṣí Lefitiku orí 16, kí o fara balẹ̀ kà á. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún, olórí àlùfáà Israẹli ìgbà àtijọ́ á wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ, yàrá inú pátápátá nínú àgọ́ Ọlọ́run. Yóò kọ́kọ́ pa akọ màlúù nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ àti ti ará ilé rẹ̀. Wọ́n á ṣẹ́ kèké lórí òbúkọ méjì: wọ́n á pa ọ̀kan, àlùfáà á gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọlé, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé èkejì lórí, á jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo Israẹli sí i lórí, wọ́n á sì lé e lọ sí aginjù. Tọ́dún bá yí po, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Heberu orí 10 sọ ìdí rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ màlúù àti ti ewúrẹ́ kò lè mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Wo ẹsẹ 11 àti 12 níbẹ̀ dáadáa. Àwọn àlùfáà ń dúró lójoojúmọ́, iṣẹ́ wọn kì í tán. Jesu fi ara rẹ̀ rú ẹbọ kan ṣoṣo, ó sì jókòó, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Tí o bá wá fẹ́ fi ààwẹ̀ ra ìdáríjì, kí lo ń sọ nípa ẹbọ yẹn?

Àwọn kan á sọ fún ọ pé inú ló ń bí Baba, Jesu ló wá bẹ̀ ẹ́ kó tó fẹ́ràn wa. Má gbà á. Johanu 3:16 ní ìfẹ́ Baba ló mú kó fi Ọmọ rẹ̀ fúnni. A kò sì fipá mú Ọmọ: nínú Johanu 10:18 ó ní kò sẹ́ni tó gba ẹ̀mí òun, òun fúnra òun ló fi í lélẹ̀. Ìgbà wo ló sì kú? Nígbà tí a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, Romu 5:8. Ẹsẹ 10 tilẹ̀ pè wá ní ọ̀tá. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ gan-an níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí o bá ṣẹ̀, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an níwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. “Dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí” nìkan rọrùn jù, èèyàn máa ń fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ọkàn rẹ bá ń sọ pé Ọlọ́run kò tíì dárí jì ọ́, di 1 Johanu 1:9 mú: bí a bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa, olóòótọ́ ni Ọlọ́run láti dárí wọn jì wá. Tí o bá gba owó olówó, dá a padà. Tí o bá parọ́ mọ́ ẹnìkan, sọ òtítọ́ níwájú àwọn tó gbọ́ irọ́ náà. Sakeu agbowó orí ṣèlérí láti dá ohun tó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n Jesu ti ní òun máa wọ̀ sílé rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí a máa ṣẹ̀ lọ nítorí pé oore-ọ̀fẹ́ pọ̀, Romu 6 ti dá a lóhùn: àwa tí a ti kú sí ẹ̀ṣẹ̀, a kò lè máa gbé inú rẹ̀ mọ́.

Gba ààwẹ̀ o, láti fi wá ojú Ọlọ́run. Kí oúnjẹ tí o kò jẹ sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa, bí Isaiah 58:7 ṣe wí.

Tí wọ́n bá ń pín Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi, má jókòó sẹ́yìn. 1 Kọrinti 11:28 ní kí èèyàn wádìí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kó sì jẹ. Jẹ́wọ́ ohun tí o bá rí, kí o dìde, kí o lọ gbà á.

Èmi ni,
Ìyá rẹ