Hobie 16 Aláwọ̀ Búlúù Kò Gbọdọ̀ Kan Omi

Sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o. Wíwọ́ tí a ń wọ́ Hobie 16, ọkọ̀ ojú omi onígbòkun wa yìí, lórí iyanrìn ti jẹ abẹ́ rẹ̀ lápá òsì débi tí fáíbà (fọ́nrán gíláàsì tí a fi ṣe ara rẹ̀) fi hàn síta, omi sì ti ń wọlé. Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti sọ pé kí ẹ máa gbé e lé kẹ̀kẹ́ rẹ̀?

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, a ó dojú rẹ̀ délẹ̀. A ó máa fi owó ẹyọ kan ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti yàtọ̀, tó dún bí ohun tó ṣófo, ibẹ̀ ni fáíbà ti ṣí kúrò lára fóòmù inú rẹ̀. A ó fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó gbẹ, torí résìnì, àtè olómi tó ń gan tí a ó fi tún un ṣe, kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó tutù.

Sátidé kejì ni iṣẹ́ gangan. A ó fi sáńpépà ha etí ihò náà kó dà gẹ̀rẹ́: bí fáíbà bá nípọn tó mìlímítà 2, ìdagẹ̀rẹ́ náà yóò gùn tó mìlímítà 24. Résìnì tí wọ́n ń pè ní epoxy ni a máa lò. Ó ń lẹ̀ mọ́ fáíbà àtijọ́ ju résìnì polyester lọ. Kí ẹnikẹ́ni má gbé bọ́dì fílà àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà wá o, omi ló ń fà mu.

Ẹ mú ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn dání; eruku fáíbà ń yúnni bíi wèrèpè. Kò sí sìgá nítòsí acetone, omi ìnuǹkan tó tètè ń gbiná. Bí òjò bá rọ̀, ó di ọjọ́ Àìkú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́