Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Iṣẹ́ Eegun Màlúù Tí Wọ́n Kó Lọ́jà Wa Bí Eyín Erin

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, nípasẹ̀ Ìyálọ́jà

Ọlọ́lá jùlọ,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹgbẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà onígi àti eléegun ló ń kọ̀wé yìí, àwa tí àlejò pàtàkì kan kì í kúrò nílùú yìí láìgbé iṣẹ́ ọwọ́ wa dání.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ kan ya wọ ọjà, wọ́n kó àpò 3 tó kún fún ẹ̀gbà ọwọ́, òòyà àti ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù 11 pa. Wọ́n ní eyín erin ni. Wọn ò wọ̀n ọ́n, wọn ò kà á, wọn ò fún ẹnikẹ́ni níwèé.

Funfun ló tàn wọ́n jẹ, bẹ́ẹ̀ eyín erin a máa pọ́n tó bá pẹ́. Eegun ẹsẹ̀ màlúù láti ilé ìpẹran ni tiwa. A ó sè é nínú omi ọṣẹ títí ọ̀rá inú rẹ̀ yóò fi tán, ká tó rì í sínú peroxide, oògùn olómi tó ń sọ nǹkan di funfun. A kì í lo bíliìsì, torí ó ń jẹ eegun. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò nu ojú ibi tí ayùn gé, yóò fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 wò ó. Bí wọ́n bá gé eyín erin ní ìbú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gba ara wọn kọjá níbẹ̀ bí àwọ̀n. Lápá ìta, igun tí wọ́n ṣe máa ń ju ìwọ̀n dígírì 115 lọ. Bí kò bá tó 90, ti mammoth ni, ẹran ayé àtijọ́ tí àwọn alárékérekè ń fi orúkọ rẹ̀ bo ti erin. Eegun ò ní àwọ̀n kankan. Ihò wínníwínní tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ló kún ara rẹ̀, ìdọ̀tí á sì dúdú sínú wọn. Àárín rẹ̀ ṣófo níbi tí mùdùnmúdùn wà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbà wa fi ní ojú ìlẹ̀mọ́ra 3 tàbí 4. Ṣé ẹni tó kó o ò rí ìyẹn ni?

A ò gbè sẹ́yìn ọdẹ aperin. Ayé tí ìyẹn jẹ́ oyè ti lọ. Àtúnṣe ọdún 2016 sọ ìtanràn ₦1,000 inú òfin 1985, èyí tó ń dáàbò bo ẹranko tó fẹ́ẹ́ run tán, di ₦5,000,000, a fara mọ́ ọn. Ní January 2024, ìjọba lọ tọ́ọ̀nù 2.5 eyín erin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀daràn kúnná ní Àbújá, a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù kì í jáde láti ṣọ́ọ̀bù wa, Ọlọ́lá. Inú kọ̀ǹténà ló ń gbé. Ẹrù tí kò ní ìwọ̀n, tí kò ní èdìdì, tí a ò mọ ọwọ́ tó ti kọjá, lọ́yà olówó yóò fọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní kóòtù. Bí wọ́n ṣe kó tiwa gan-an ni ọ̀daràn gidi ṣe ń bọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú àpò náà lójú àgbà 2 nínú wa àti onímọ̀ kan. Kí wọ́n dá eegun padà, kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá rí eyín erin níbẹ̀, kí olówó rẹ̀ jẹ́jọ́. A ó wá jẹ́rìí.

Gọ́tà ẹ̀yìn ọjà ṣì dí, bẹ́ẹ̀ a ń sanwó ọjà.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù yìí wà lọ́wọ́ akápò wa. Ìpàdé ọjọ́ Ẹtì ni yóò sọ ìgbà tí a ó san án, àwọn aláwọ àti aláṣọ òkè sì ti ní àwọn ń bọ̀ níbẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò, lórúkọ ẹgbẹ́