Píà tó ń bàjẹ́ l'Ọ́jà Ọba

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ píà ló mú mi kọ̀wé yìí, píà tá a fi ń jẹ búrẹ́dì yẹn, torí ó ń dùn mí gan-an ni. Lásìkò òjò báyìí tẹ́ ẹ bá dé Ọjà Ọba níbí l'Àkúrẹ́ ẹ ó rí i rẹpẹtẹ, àwọn ìyá tó ń kó o bọ̀ látinú oko kòkó máa ń tò ó ní mẹ́ta mẹ́ta, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ èyí tó ti rọ̀ jù, ààtàn ni. Mo wá wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan lọ́jọ́ kan, mo rí gúákámólè, ìyẹn píà tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ mọ́ ata àti àlùbọ́sà, nínú ike kékeré, owó tí wọ́n pè é á ra píà tó pọ̀ dáadáa lọ́jà, mo ṣáà rà á. Ìgbà tí mo ṣí i, ojú ẹ̀ ti dúdú, ó ti kan, kò tiẹ̀ rùn bíi píà mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ yìí kì í ṣe oúnjẹ olówó o. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti wá, àwọn Aztec, ẹ̀yà tó ń gbé ibẹ̀ láyé àtijọ́, ti ń ṣe é káwọn ará Sípéènì tó débẹ̀ ní 1519, orúkọ ẹ̀ lédè àwọn Aztec ò ju ọbẹ̀ píà lọ, inú odó òkúta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Àwa náà ṣáà ní ọlọ nílé.

Orí ọlọ ìyá mi lèmi ti ń ṣe tèmi. Màá kọ́kọ́ lọ ata wẹ́wẹ́ kan, àlùbọ́sà díẹ̀ àti iyọ̀ pọ̀ títí omi á fi jáde lára wọn tí ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ibẹ̀ ni adùn ẹ̀ wà, màá wá kó o sínú abọ́, màá ha píà ńlá méjì sí i, màá fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́, kó ṣì ní kókó kókó nínú. Ẹ má gbé e sí bílẹ́ńdà rárá, ṣe ló máa ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ má sì fi mayonéèsì sí i. Tòmátì tí mo ti yọ omi inú ẹ̀ kúrò ló kàn, lẹ́yìn náà omi ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n máa ń rẹ́ ewé kọriáńdà sí i ní Mẹ́síkò, èmi máa ń fi èfìnrín díẹ̀ rọ́pò ẹ̀, àmọ́ kó má pọ̀ o.

Afẹ́fẹ́ tó ń kàn án ló ń sọ ọ́ dúdú. Àwọn kan máa ń ki kóró ẹ̀ sáàárín, ibi tí kóró yẹn bò nìkan ló máa ń gbà là. Omi ọsàn yẹn á dá a dúró díẹ̀, tó bá sì ṣẹ́ kù ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù mọ́ ojú ẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa jẹ tán ni, ó dáa ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ mi máa ń fi dùndú jẹ ẹ́, èmi ìpékeré, wọn kì í tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kó tó tán.

Tí píà ò bá tíì rọ̀, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ nídìí tó bá ti gbà, ó ti yá nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún gúákámólè láyè lójú ìwé oúnjẹ yín kí àsìkò píà tó lọ.

Òǹkàwé yín, Òkè-Àró, Àkúrẹ́